Ẹmu Kíkan Kì Í Ṣe Ọtí Tálákà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú wa láti máa gbọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó lọ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Arámọkọ, títí wọ Ìjerò. Wọ́n ní ẹmu ni ọtí ẹni tí kò rówó ra bíà. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á kọjá. Àmọ́ kì í ṣe àwàdà. Ìdájọ́ ni, ẹni tó sì ń dá a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìgò bíà á tò lórí tábìlì níwájú àlejò, kẹ́ẹ̀gì ẹmu á wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́dọ̀ àwọn bàbá àgbà àti àwọn onílù. Bí àlejò tó ti Èkó wá bá béèrè ẹmu, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kí wọ́n tó lọ bù ú wá.

Àwa ò gbà. Ohun tí a fẹ́ sọ rèé, a ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ẹmu tó kan dáadáa, tí wọn ò bomi là, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ tí a sì mu ún nírọ̀lẹ́, inú ìdílé kan náà ló wà pẹ̀lú àwọn bíà kíkan tí àwọn ará Belgium fi ń yangàn káàkiri ayé. Tí a bá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tiwọn wọn tiwa, ojú ò ní tì wá. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà á kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe rí lẹ́nu. Àwọn tó sì kọ̀ láti tọ́ ọ wò bí ọtí gidi, àwọn gan-an ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹmu máa ń kọjú sí. Ní àfonífojì odò Senne, lẹ́bàá ìlú Brussels, wọ́n ń pọn bíà kan tí wọ́n ń pè ní lambic. Ọkà bálì àti àlìkámà ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Tí wọ́n bá sè é tán, wọn kì í da ìwúkàrà sí i bí àwọn apọntí yòókù ṣe ń ṣe. Wọ́n á dà á sínú ọpọ́n ńlá kan tó fẹ̀ tí kò sì jìn, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ mọ́jú nínú òtútù. Ohun tó bá ń fò nínú afẹ́fẹ́, àti èyí tó ti ń gbé lára àgbá igi tí wọ́n máa rọ ọ́ sí, ló máa sọ ọ́ di ọtí. Ó lè lo ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta nínú àgbá yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á po èyí tí kò tíì pẹ́ mọ́ èyí tó ti gbó, wọ́n á rọ ọ́ sígò, á tún máa ṣiṣẹ́ nínú ìgò títí á fi máa hó. Èyí ni wọ́n ń pè ní gueuze. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Ẹ wá wo tiwa. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á fi ọ̀bẹ ṣí ojú ibi tí omi ti ń jáde, á so akèrègbè mọ́ ọn. Omi tó ń jáde yẹn dùn bí omi ṣúgà, kò sí ọtí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kún, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́, láti ara ọ̀pẹ, láti ara akèrègbè tí wọ́n lò lánàá. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ṣúgà náà di ásíìdì, irú èyí tó ń mú ògì kan. Ìwúkàrà ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń mú un hó. Láàárọ̀, ó dùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu. Nírọ̀lẹ́, ó ti kan, ó sì ti mú. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, àwọn kòkòrò mìíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ ọtí náà di fínígà, kò ní ṣe é mu mọ́.

Ìlànà kan náà ni. Tiwọn ń gba ọdún, tiwa ń gba wákàtí. Tiwọn ti inú ọkà wá, tiwa ti inú ọ̀pẹ wá, nítorí náà a ò sọ pé wọ́n jọra bí ìbejì. Lambic tó ti gbó ní àwọn adùn kan tí ẹmu ò lè ní láéláé, torí pé ìgbà ló ń kó wọn sínú rẹ̀. Ẹmu náà ní ìtura kan, àti wíwà láàyè kan, tí ìgò ò lè gbé rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n méjèèjì jẹ́ ọtí tí afẹ́fẹ́ àdúgbò bá èèyàn pọn. Ẹni tó bá ń yin ọ̀kan tó sì ń bú èkejì, kó sọ ìdí rẹ̀ fún wa, kí ìdí náà má sì jẹ́ owó.

Wọ́n á ní ẹmu ń rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ìwúkàrà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brettanomyces, òun ló ń fún lambic ní òórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó mọ bíà dunjú fi ń ṣàpèjúwe òórùn yẹn ni òórùn aṣọ ìbora ẹṣin. Ìyìn ni o! Wọ́n á gbọ́ òórùn aṣọ tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ẹṣin nínú ife, wọ́n á mi orí, wọ́n á sanwó. Ṣùgbọ́n kí ẹmu rùn bí ìwúkàrà díẹ̀ báyìí, ọmọ Èkìtì tó ń gbé Lẹ́kí á ti fọwọ́ di imú.

Wọ́n á tún ní kòkòrò máa ń bọ́ sínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ní asẹ́. Àmọ́ ní Cantillon, ilé ìpọntí kan tó wà ní Anderlecht ní Brussels láti ọdún 1900, wọn kì í gbá òwú aláǹtakùn dànù láàárín àwọn àgbá wọn, torí pé aláǹtakùn ló ń bá wọn jẹ àwọn kòkòrò tó ń fò wá síbi adùn. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo òwú aláǹtakùn yẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ẹnu Yorùbá ò bẹ̀rù kíkan rí. Ẹ bi ẹni tó ń mu gaàrí léèrè. Gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan ni wọ́n ń wá kiri, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi wà nínú àpò kó lè kan ni wọ́n ń sanwó fún. Ògì tí kò kan, ta ni yóò pè é ní ògì? Kò sẹ́ni tó ń bẹ àlejò pé kó má bínú torí pé ẹ̀kọ òun kan. Ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀ ẹmu nìkan ni kíkan máa ń di bíbàjẹ́ lẹ́nu wọn. Kíkan àti bíbàjẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń dájọ́ ọtí.

Ẹ má rò pé àwọn ará Belgium fúnra wọn ò ní irú àríyànjiyàn yìí. Wọ́n ní in. Gueuze tí Cantillon ń ṣe kò pọ̀, àwọn tó fẹ́ mu ún káàkiri ayé sì pọ̀ gan-an. Nítorí náà, àwọn alágbàtà máa ń rà á, wọ́n á tún un tà ní ìlọ́po ìlọ́po iye tí wọ́n rà á. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lembeek, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Boon ra ilé ìpọntí kan tó ti darúgbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gueuze nílànà àtijọ́ kan náà. Ti Boon pọ̀, ó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù lásán ní Belgium, kò sì wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ti Cantillon ló dára jù torí pé òun ló wọ́n. Ẹni tó mọ̀ á gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà láìtijú, á sì sọ èyí tó wù ú àti ìdí tó fi wù ú. Ohun tó fi owó lé ìgò Cantillon ni pé kò tó. Kì í ṣe pé kíkan rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá ju kíkan ti Boon lọ. Àìtó ni iye owó ń wọ̀n. Kò ní ahọ́n.

Ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1964, Allison àti Uhl tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn tó ń mu bíà ní ìgò tí wọ́n ti ya orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ò dá bíà tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n dá orúkọ padà sára ìgò, bíà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ní 2008, Plassmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní wáìnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé dọ́là 10 ni, wọ́n tún sọ lẹ́ẹ̀kejì pé dọ́là 90 ni. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn, ibi tó ń mọ adùn lára ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ 90. Ní ọdún yẹn kan náà, Goldstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìtọ́wò tó ju 6,000 lọ jáde, níbi tí ẹni tó ń mu wáìnì kò ti mọ iye rẹ̀. Àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa wáìnì kò fẹ́ràn èyí tó wọ́n jù. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ràn èyí tí kò wọ́n jù ú lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Láti Ẹ̀fọ̀n dé Iléṣà kò jìnnà. Ní Iléṣà ni ilé-iṣẹ́ International Breweries wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1978. Trophy ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, bíà tí owó rẹ̀ kì í gun ni lára. Lónìí, AB InBev ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ náà, ìlú Leuven ní Belgium sì ni orílé-iṣẹ́ AB InBev wà. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló gbé Budweiser wá sí Nàìjíríà ní 2018, níhìn-ín ni wọ́n sì ti ń pọn ọ́n. Heineken náà, Nàìjíríà ni Nigerian Breweries ti ń pọn èyí tí a ń mu. Ẹ wá lọ síbi àríyá kan ní Arámọkọ, kí ẹ wo bí ọ̀dọ́kùnrin ṣe ń kọjú orúkọ Budweiser sí ẹni tó ń ya fọ́tò, tó sì ń yí ti Trophy sí ẹ̀yìn. Ọmọ ìyá ni wọ́n! Ẹni kan náà ló ń gba owó méjèèjì. Ohun tó ń dùn lẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin yẹn ni ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní ọdún 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé láti òkèèrè. Àwọn apọntí wa wá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo tó ń ti oko wa wá. Ohun tó wà nínú ìgò yí padà, orúkọ ara ìgò ò yí padà, àwọn èèyàn sì ń mu lọ. Tó bá jẹ́ pé ahọ́n ló ń dá ẹjọ́ yìí, ariwo ọjọ́ yẹn ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí a ń bá jà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kẹ́gàn ẹmu. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yìn ín, ìyìn wọn sì léwu ju ẹ̀gàn lọ. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ pé “àṣà wa ni,” “ti ìbílẹ̀ ni,” “kò wọ́n, ó sì ń ṣe ara lóore.” Wọ́n á gbé ahá sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò, wọ́n á kọ “Èkìtì Kete” sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì gbé omi tí wọ́n fi ṣúgà pò mì láìfura. Ẹni tó bá ń yin ẹmu torí pé kò wọ́n, iye owó ni òun náà ń tọ́ wò. Ẹni tó bá ń yìn ín torí pé ti bàbá wa ni, ìtàn ló ń mu. Àwa ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣàánú ẹmu. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n dá a lẹ́jọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọtí gidi lẹ́jọ́: kí èyí tó dára gba orúkọ tó dára, kí èyí tí kò dára gba orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, kọ ìwé kúkúrú kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí á mọ ohun tó ń sọ. Tí oníbàárà ò bá lè mọ ọkọ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti kú, iye kan náà ló máa fẹ́ san fún gbogbo wọn, kò sì ní pọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára á ní òun ò lè tà á ní iye yẹn, á gbé e kúrò lọ́jà. Èyí tó ti kú ló máa ṣẹ́kù. Oníbàárà á wá sọ pé, “Ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀ pé gbogbo wọn ló ti bàjẹ́.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹmu gan-an nìyẹn. Adẹ́mu kan wà tó ń jí gun ọ̀pẹ láfẹ̀mọ́júmọ́, tó ń fọ akèrègbè rẹ̀, tí kò bu omi kankan sí i. Ẹlòmíràn ń ra kẹ́ẹ̀gì kan, ó ń sọ ọ́ di méjì pẹ̀lú omi, ó sì ń fi ṣúgà tàbí sakarín bo àṣírí rẹ̀. Iye kan náà ni a ń san fún àwọn méjèèjì, torí pé lójú wa, ẹmu ni ẹmu. Kí wá ni ẹni àkọ́kọ́ ń gùn fún? Ọ̀pẹ kì í ṣe àkàbà. Bí igbà bá já, ikú ni tàbí kí èèyàn di arọ. A ò lè máa sọ fún ọmọ adẹ́mu pé kó kọ́ṣẹ́ tó lè pa á, ká sì máa sanwó omi ṣúgà fún un. Á wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, á lọ gun ọ̀kadà, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Àìmọ̀-ọ́n-tọ́wò wa ló lé e kúrò lórí ọ̀pẹ.

Amos Tutuola mọ èyí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, adẹ́mu kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí tó ń dá ẹmu fún sì wá ẹlòmíràn títí, kò rí ẹni tí ẹmu rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbéra, ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Àwọn èèyàn máa ń rántí ọ̀bọrọ́ ìgboyà àti iwin inú ìtàn yẹn, wọ́n máa ń gbàgbé ohun tó dá a sílẹ̀: ọkùnrin kan ní ahọ́n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ adẹ́mu kan àti ọwọ́ èkejì. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó wà níhìn-ín lágbègbè wa, ló sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní 1963, tó pè é ní Ọ̀mùtí. Ó yẹ kí ìtijú mú wa pé ọmuti inú ìtàn mọ ẹmu ju àwa tó ń gbé lábẹ́ ọ̀pẹ lọ.

Báwo ni kí a ṣe dá a lẹ́jọ́? Iṣẹ́ wa ni kíkọ kóòdù, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ wa ni pé a kì í bi ẹni tó kọ nǹkan bóyá ó ń ṣiṣẹ́. A máa ń dán an wò ni. Ẹ wá ife mẹ́rin tó jọra, tí a ò lè rí inú wọn láti ẹ̀gbẹ́. Kí ẹnì kan tí kò ní mu níbẹ̀ bu ọtí sí i ní yàrá mìíràn, kó kọ nọ́ńbà sí abẹ́ ife. Ẹmu láti ọwọ́ ẹlẹ́mu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó bù. Ife kẹrin ńkọ́? Kó tún bu ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn sí i, kó má sọ fún yín. Bí ẹ bá fún ẹmu kan náà ní máàkì méjì tó jìnnà síra, ẹ tíì ń méfò. Ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá mọ ti ẹmu, ẹ fi bíà kíkan ti òkèèrè kún un bí ẹ bá rówó rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa èyí tí ẹ máa fẹ́ bù kún ife yín.

Ohun tí ẹ máa fi ahọ́n wá rèé. Kíkan ni kó kọ́kọ́ dé, kí adùn díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ bí ohun tó ń lọ, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ta ahọ́n. Funfun rẹ̀ ni ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò yẹn tí wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí adùn bá dá dúró lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e mì, tó lẹ̀ mọ́ ètè bí ti mínírà, ẹ fura sí ṣúgà. Bó bá fẹ́lẹ́, tí kíkan rẹ̀ kò ní ohun tó gbé e ró, omi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bí òórùn rẹ̀ bá gún imú bíi fínígà, ó ti kọjá ìgbà rẹ̀. Ẹ dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pinpin fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Ẹmu tó wà láàyè máa ń fẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí kò bá fẹ́ ẹ rárá, ó ti kú, tàbí wọ́n ti fi iná pa á.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ojútùú ni ká rọ ẹmu sígò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ, NIFOR, tó wà nítòsí Benin, ti ṣe ẹmu inú ìgò. A ò lòdì sí i. Ẹni tó wà ní Lọ́ndọ̀nù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹmu, kó ra ìgò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgò tó lè pẹ́, wọ́n ní láti fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má bàa kan mọ́. Ẹmu tí wọ́n dá kíkan rẹ̀ dúró, fọ́tò ẹmu ni. Kí ó má ṣe jẹ́ òun la ó fi máa wọn èyí tó wà láàyè, torí pé òun ló ní ìwé pẹlẹbẹ tó sì wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn alátakò wa sọ tó ní ìwúwo ni ti ìmọ́tótó. Wọ́n ní bíà inú ìgò, èèyàn mọ ohun tó ń mu. Ó tọ́ láti béèrè. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn kú torí ògógóró tí mẹ́táńọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ògógóró kì í ṣe ẹmu, ọtí tí a fi iná sè ni, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo wa: ọtí tí a ò mọ ọwọ́ tó ti wá lè pa èèyàn. Èsì wa ni pé ohun tí a ń béèrè gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń bi ẹlẹ́mu léèrè pé ta ló dá a, ìgbà wo ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ló fi fọ ohun tó rọ ọ́ sí, ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ ju ti ẹni tó kàn na owó, tó sì mu lọ. Sísá fún ẹmu ò mú ẹmu mọ́. Bíbéèrè ló ń mú un mọ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Belgium fi tiwọn ṣe. Láti 1997, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ lambic àti gueuze ti ìlànà àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn po ṣúgà mọ́ bíà kó sì fún un lórúkọ yẹn. Ní 2016, àjọ UNESCO fi àṣà bíà Belgium sínú àwọn ogún àìfojúrí ọmọ aráyé. Kì í ṣe torí pé bíà wọn wọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ gbà láàárín ara wọn pé ohun kan wà tó ń jẹ́ gueuze tó dára, wọ́n sọ bó ṣe rí, wọ́n sì kọ̀ láti pe ayédèrú ní orúkọ rẹ̀. Kíkọ̀ yẹn kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Àwa náà lè kọ̀. Ẹni tí kì í mutí, a ò pè é wá síbí, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń mu, tí ẹ ń ná owó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sanwó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹmu tí wọn ò bomi là, kí ẹ sì sọ fún ẹlẹ́mu pé ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ dá èyí tó ní ṣúgà padà lójú gbogbo èèyàn. Ẹ dá orúkọ adẹ́mu mọ̀ bí ẹ ṣe mọ orúkọ ẹni tó ń gẹ̀ irun yín. Nígbà ìnáwó tó bá kàn nílé yín, ẹ gbé ẹmu kúrò lẹ́yìn ilé, ẹ gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá a àti aago tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ àlejò pé kó má bínú. Kí àlejò gbé ife, kó tọ́ ọ wò, kó sì sọ èyí tó rí.